Ìpìlẹ̀ Tí Agbẹ́kànga Gbẹ́

Bíríkìlà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú wá kò mú téèpù dání. Ẹsẹ̀ ló fi wọn ilẹ̀ náà. Á gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kejì, á sì máa kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní méjìlá ní ìbú, mẹ́rìnlá ní gígùn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sálúbàtà tó wọ̀ fi ìka méjì gùn ju ẹsẹ̀ náà lọ. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gé bùbá fún èèyàn, apá kan á mọ sí ìgúnpá, ìkejì á bo ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé ọkọ, obìnrin tí kò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí, mo sì ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún jẹ orúkọ yẹn.

Yàrá kan àti balùwẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó ṣaláìsí. Ìyá mi ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún. Abúlé kan lẹ́yìn Kuta ni wọ́n ń dá gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìkòkò títí ọwọ́ wọn fi kọ iṣẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wà nílẹ̀ láti ìyálẹ̀ta títí ẹnì kan tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fi gbé wọn dìde. Mo lọ mú wọn wá sí Ìwó kí wọ́n wá wo ibi tí wọ́n máa gbé. Wọ́n dé inú yàrá tí mo ti ń ránṣọ, wọ́n rí ibi tí ògiri ti là láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Wọ́n ní, "Ògiri ló pa àbúrò mi."

Mo mọ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló wó ògiri náà lé e lórí lójú oorun, kí wọ́n tó bí mi.

"Bí o bá fẹ́ kí n wá, kọ́ yàrá tí kò níí là fún mi. Bí o kò bá lè kọ́ ọ, fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà. Mo mọ ìwà àwọn ògiri tèmi."

Wọ́n sì padà sí Kuta lọ́jọ́ náà. Wọn kò mu ju omi lọ.

Igi mángòrò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níhà ìwọ̀-oòrùn, ìhà tí ògiri ti là gan-an. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ògiri. Bí mo bá kọ́ yàrá oníbùú ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí ìhà yẹn, ó ku mẹ́rìnlá. Kò sí ìhà mìíràn tí mo lè kọ́ ọ sí. Títì wà níwájú, kànga àti ṣáláńgá wà lẹ́yìn, ilé ẹlòmíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ amọ̀ ni, pupa díẹ̀, dúdú díẹ̀, irú tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà lásìkò òjò títí èèyàn á fi ga sí i.

Bí ògiri náà ṣe ń là, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ara mi. Lójú ọyẹ́, abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń rán kọ́tìnì á wọ inú rẹ̀ tán. Bí òjò bá ti fi oṣù méjì rọ̀, òwú lásán kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì dí i, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn nígbà méjèèjì, òjò sì ti ń fún sìmẹ́ǹtì náà jáde bí ìgbà tí èèyàn fún oówo. Wọ́n á ní sìmẹ́ǹtì ayé òde òní kò dára. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó bi mí léèrè pé ìgbà wo ló máa ń là, ìgbà wo ló sì máa ń pàdé. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lójoojúmọ́!

Ìyá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn, wọn kò sì dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró.

"Ìkòkò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá gbẹ ṣáájú ìkejì, ṣé kò níí là? Kí lo rò pé a ṣe ń fi ewé bò ó lábẹ́ ibòji? Igi yẹn ń mu omi abẹ́ ilé rẹ níhà kan. Ìhà kan gbẹ, ó sún kì. Ìhà kejì tutù, ó dúró. Ilé wà láàárín. Kí ni kí ilé ṣe?"

Mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá wo ògiri yẹn. N kò rí i. Bí mo bá ń fojú tín-ín-rín wo àwọn ọkùnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bù díẹ̀ fún ara mi.

Ọjọ́ tí bíríkìlà fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ọyẹ́ ti mú. Ó gba dígà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, dígà náà ta padà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lè rí i dáadáa.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Àpáta ni! Ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì ti pọ̀jù fún irú ilẹ̀ yìí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Alihamudulilai." Wọ́n ti ta pákó rí ní ọjà, nítorí náà wọ́n gbà pé àwọn mọ ilé kíkọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Ìyàwó, òjò kì í wọ abẹ́ ilé. Iṣẹ́ òrùlé nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, bíríkìlà sì bá wọn rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ.

Bíríkìlà ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ fi ti ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ṣé ẹ rí i kí a máa bá yín dá sí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì?" Ó nàka sí mángòrò. "Ẹni tó ń ba ilé yín jẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e lọ́la, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́tùnúnla. Ọ̀rọ̀ tán."

Gbogbo ilẹ̀ amọ̀ Ìwó ló máa ń le bí àpáta lójú ọyẹ́. Ìgbà yẹn náà sì ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́lé, nítorí pé oko ti tán, òjò kò sì níí ba búlọ́ọ̀kù jẹ́. Wọ́n á fi ẹnu dígà dán ilẹ̀ wò lóṣù tó le jù lọ nínú ọdún, wọ́n á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà títí ayé. Bí ẹni tó lọ wo ìyàwó níbi tó ti ń sùn, tó padà wá sílé, tó ní kò lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ gígé igi yẹn kọ́kọ́ wọ̀ mí létí. Bí igi bá ń mu omi, ẹ gé igi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì ní òpópónà wa, tó gé igi dóńgóyárò rẹ̀ kó tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bíríkìlà yìí kan náà ló kọ́ ọ. Mo lọ kí ọ̀gá náà. Àárín ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ti wú sókè bí ikùn aboyún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káfíńtà ti fá ìdí ilẹ̀kùn kó tó ṣeé ṣí.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní, "Ayé ni, ìyá. Ẹni tó mọ̀ pé mo fẹ́ ná owó ìfẹ̀yìntì mi ló ri nǹkan mọ́bẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n wá ka Yásínì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ kú ìfaradà, sà. Ọjọ́ wo lẹ gé igi náà?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gbà pé àdúrà ń gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí a fi rọ́pò ṣọ́bìrì.

Nígbà tí mo dé ilé, mo wa amọ̀ ní ibi tí yàrá náà máa wà, mo sá a títí ó fi gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo dà á sínú agolo mílíìkì, mo kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé. Lẹ́yìn náà mo bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, amọ̀ náà ti fi ìbú ìka kan kọjá àmì mi. Ó wá yé mi. Igi ọ̀gá ilé-ìwé ti ń mu omi abẹ́ ibẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wọn ti gbìn ín. Wọ́n gé e, kò sí ẹni tó ń mu omi mọ́, òjò dé, amọ̀ tó ti fi ogójì ọdún pòǹgbẹ mu tirẹ̀ ní àmuyó, ó sì wú. Bí wọ́n bá ti dúró lẹ́yìn tí wọ́n gé igi, bóyá ọdún mẹ́ta, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wú tán kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun lé e, kò bá má burú. Ìyá mi kò ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n lè fi dá wà ní abúlé.

Mo gbé agolo náà lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n yí i, wọ́n wo ìdí rẹ̀.

"Ìyàwó, agolo mílíìkì lo wá fẹ́ fi kọ́lé báyìí?"

Wọ́n pe ìyàwó wọn kó wá wò ó. Wọ́n ní bí mílíìkì bá ti tán kí n má da agolo nù o, pé mo lè fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Bíríkìlà tún mú ìmọ̀ràn mìíràn wá: pé a lè tẹ́ kọnkéré onírin káàkiri abẹ́ yàrá náà bí ẹní, kí ilé jókòó lé e. Ìyẹn kò burú. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹní tó bá sùn sórí ilẹ̀ tí apá kan rẹ̀ ń wú, tí apá kejì ń sún kì, á wọ́ ni, tòun ti ẹni tó sùn lé e. Mo bi í pé báwo ni irin náà ṣe máa nípọn tó tí kò fi níí wọ́. Ó ní, "Ó máa nípọn, Ìyá Aránṣọ." Mo ní báwo. Ó ní, "Á nípọn gan-an ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó wá láti Olúpọ̀nnà ló gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí ọkọ mi wà láyé. Mo lọ bá wọn nílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ibi tí gbòǹgbò mángòrò ti tán nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga náà.

Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ́ kànga, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè ohun tí mo rí nísàlẹ̀. Omi ṣá ni wọ́n máa ń béèrè. 'Bàbá, ṣé omi ti dé? Bàbá, kí ló ń pẹ́ omi?' Bí ẹni pé èmi ni mo gbé omi pamọ́!"

Wọ́n ní gbòǹgbò tán ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méje. Ní mẹ́sàn-án, amọ̀ yí padà, òkúta wẹ́wẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì tutù, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní ibẹ̀ kì í gbẹ, kì í sì í wú. Àwọn ti jókòó níbẹ̀ jẹun lójú ọyẹ́, ìdí àwọn sì tutù.

Ibi tí kì í gbẹ, tí kì í wú: ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ ihò mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ní jíjìn, kí a gbé òpó kọnkéré dúró nínú wọn. Bíìmù, ìyẹn kọnkéré gígùn onírin, á na láti orí òpó kan dé èkejì, ògiri á jókòó lé bíìmù. Ilẹ̀ yàrá náà pàápàá á jókòó lé bíìmù, kò níí kan amọ̀. Àyè ìka mẹ́rin á wà láàárín bíìmù àti ilẹ̀, kí amọ̀ lè rí ibi wú sí láìfi orí ti ilé mi. N kò sì níí jẹ́ kí wọ́n so ògiri tuntun mọ́ ti àtijọ́. Èyí tó ń mì, kó máa dá mì. Mángòrò á wà níbi tó wà, kó máa mu omi rẹ̀ bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá náà fi gbẹ́ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo àdúgbò yà wá wò ó. "Ìyá Aránṣọ, kànga mẹ́fà! Ṣé ẹ fẹ́ máa ta omi ni?" Bíríkìlà mi dúró lókè, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ní kí bàbá wò ó kó má lọ já sí Mẹ́kà. Láti inú ihò, bàbá dá a lóhùn pé, "Bí mo bá débẹ̀, màá bá ọ tọrọ téèpù." N kò rẹ́rìn-ín níṣojú wọn. Mo wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà náà ló da kọnkéré, torí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fún un ní iṣẹ́ náà. Ó to pákó sábẹ́ bíìmù bí mo ṣe ní kó ṣe é, ó sì yọ ọ́ nígbà tí kọnkéré gan. Àyè náà wà, ìka mẹ́rin géérégé. Mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Kuta fún ọjọ́ méjì lọ tọ́jú ìyá mi.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi amọ̀ ki àyè abẹ́ bíìmù náà. Yíká-yíká. Wọ́n tún fi omi wọ́n ọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fá a kó dán.

Mo ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Bíríkìlà ní, "Ìyá Aránṣọ, èmi náà lórúkọ ní ìlú yìí. Wọ́n á kọjá, wọ́n á rí ilé tí kò kan ilẹ̀, wọ́n á ní lágbájá ló kọ́ ọ. Ejò á máa gbé abẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ní kó dí i. "Wọ́n á ní ìyàwó wa kọ́lé sójú afẹ́fẹ́. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó lórí ilẹ̀, ìyàwó. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn."

Ihò mẹ́fà, ọjọ́ mọ́kànlá, arúgbó kan tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì fẹ́ fi garawa amọ̀ díẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ dòfo, nítorí ojú ẹni tó ń kọjá lọ! Òjò kan péré, amọ̀ tí wọ́n kì síbẹ̀ á wú, á gbé bíìmù sókè, ògiri ìyá mi á sì là kí wọ́n tó sùn sábẹ́ rẹ̀ rárá.

Mo kúnlẹ̀. Orókún méjèèjì ni mo fi kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo rí wọn fín.

"Bàbá, ilé ọkọ mi ni. Èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ẹ ní kó kó o jáde."

"Ìyàwó..."

"Ní báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Bí òun kò bá kó o, èmi á fi ọwọ́ ara mi kó o, lójú títì, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe. Màá sì sọ ẹni tó kì í síbẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Wọ́n wo títì. Wọ́n wo bíríkìlà. Ọ̀rọ̀ ojú ènìyàn tí wọ́n fi kì í náà ló fà á jáde, torí pé òye wọn kò kọjá ibẹ̀. Wọ́n ní, "Kó o jáde fún un."

Mo gbé àpótí, mo jókòó. Bí wọ́n bá ti kó ẹsẹ̀ bàtà méjì, màá dìde, màá ti téèpù bọ abẹ́ rẹ̀. Níbi tó bá ku ìka mẹ́ta, màá ní kó padà síbẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ náà fi parí. Ìsinmi ńlá ni.

Nígbà tí wọ́n kan páànù tán, mo to ìlà búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo yíká síwájú àyè náà, láìfi kan bíìmù, kí ejò tí wọ́n ń bẹ̀rù má baà wọlé. Mo lọ sọ fún ìyá mi pé yàrá ti wà. Wọ́n ní àwọn á wo òjò kan àti ọyẹ́ kan. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n kọ̀. Ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń gun ọ̀kadà lọ sí Kuta, mo sì ń dé ẹnu ọ̀nà wọn tàyàtàyà kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Bí mo bá ti dé ilé, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá náà. Ògiri mi àtijọ́ là, ó pàdé, ó tún là, bó ṣe máa ń ṣe. Ti tuntun kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ọyẹ́, ni ìyá mi wá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri náà yíká, láti ẹnu ọ̀nà padà dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n pa á dé, ó sì pa dé wẹ́kú. Wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé tìmùtìmù ti rọ̀ jù, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé wá kí wọn. Wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ẹ wo iṣẹ́ tí a ṣe fún yín. Ilẹ̀ ibí yìí amọ̀ ni, igi tún wà nítòsí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló máa gbẹ́. Mo ní rárá, ẹ gbẹ́ ẹ jìn."

Ìyá mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Báwo ló ṣe jìn tó?"

"Ó jìn, Màmá. Ó jìn gan-an ni."

Ìyá mi wò mí. Mo ń wo ilẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí àwa méjèèjì, wọ́n sì dojú kọ ògiri níhà igi. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé e, wọ́n fi síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dé orí bí amọ̀ ṣe máa ń wú. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹ̀yìn ìyá mi, wọ́n ní àwọn ti dán an wò nínú agolo. Ọwọ́ ìyá mi yọ̀ kúrò lára ògiri, ó bọ́ sórí ẹní. Wọ́n ti sùn, wọ́n ń rọra hanrun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ.